Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Fa Ọmọ Tó Kọ́kọ́ Wọ Yunifásítì Nínú Ẹbí Rẹ̀ Sẹ́yìn

Lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ tuntun bá ń tò síwájú ọ́fíìsì wa ní yunifásítì pẹ̀lú fáìlì lábíyá, kì í pẹ́ kí n tó dá àwọn kan mọ̀ láàárín wọn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Wọ́n á gba fọ́ọ̀mù, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, wọ́n á ní "Ẹ ṣeun, sà," wọ́n á sì jáde láì béèrè ohunkóhun. Tí mo bá yọjú lójú fèrèsé, màá rí wọn lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń yí fọ́ọ̀mù náà síwá sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa tẹ yunifásítì nínú ìran wọn.

Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dáadáa, torí èmi náà dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi jẹ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1955. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Gaàrí ni màámi ń tà. Kò sí ohun tí wọn ò lè tà kí n lè kàwé, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi nílé pé báyìí ni wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ fún kóòsì, tàbí pé ẹni báyìí ni kí n lọ bá tí èsì ìdánwò mi bá sọnù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú ọgbà yunifásítì, àkísà wúlò ju aṣọ lọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti ní carry-over rí, ìyẹn kóòsì tí wọ́n fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, tí ìyá rẹ̀ ti tò títí ilẹ̀ fi ṣú nítorí ìforúkọsílẹ̀ rí, àkísà ló bá nílé, ó kàn ń fà á wọ̀ ni. Ọmọ tiwa, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lo aṣọ tirẹ̀ gbó. Àwọn ibi tí aṣọ náà ti máa ń ya jù ni mo fẹ́ kọ síbí.

Má dúró de ẹni tó máa pè ọ́

Àṣìṣe àkọ́kọ́, tó bí ọ̀pọ̀ ìyókù, ni kí o máa wo yunifásítì bí ilé-ìwé girama tó tóbi. Ní girama, tí o ò bá wá sí kíláàsì fún ọjọ́ mẹ́ta, olùkọ́ á béèrè rẹ. Tí o bá fìdí rẹmi, wọ́n á ránṣẹ́ pe bàbá rẹ. Ní yunifásítì, o lè pàdánù odidi sáà kan kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ránṣẹ́ sílé. Nǹkan máa ń bàjẹ́ láìsí ariwo: orúkọ rẹ ò sí nínú ìwé, máàkì rẹ ò hàn, kóòsì kan tó yẹ kí o ti ṣe lọ́dún kìíní jókòó síbẹ̀, ó ń dúró dè ọ́ lọ́dún kẹrin.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Lọ́dún tí mo wọlé, orí ìwé la ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́rin ni wọ́n ní ká kọ. Mo fi bírò dúdú kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ orúkọ mi. Mo fún ẹ̀ka wa ní ọ̀kan, mo fún fákọ́tì ní ọ̀kan, mo tọ́jú ọ̀kan. Mi ò mọ ibi tí ẹ̀kẹrin ń lọ. Mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń gbé tiwọn lọ sí ilé alájà mẹ́ta kan ní òdìkejì ọgbà, mi ò béèrè. Mo ká tèmi sí méjì, mo tì í bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, mo ní tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, wọ́n á bi mí.

Ẹ̀ka tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ló ni ẹ̀dà yẹn. Mo lọ sí gbogbo kíláàsì wọn, mo ṣe ìdánwò, mo tiẹ̀ tún ń ṣàlàyé fún àwọn ará yàrá wa. Nígbà tí èsì jáde, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, mo fi ìka tọ nọ́ńbà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ńbà tó ṣáájú tèmi wà níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e wà níbẹ̀. Tèmi ò sí láàárín wọn. Yúnítì mẹ́ta ló lọ, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí kóòsì ṣe wúwo tó. Ọdún kejì ni mo tó tún un ṣe, mo jókòó láàárín àwọn tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìforúkọsílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kòtò kan náà ló ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí mò ń rí jù ni ọmọ tó fi owó àti password lé oníkáfẹ̀ lọ́wọ́ pé kó bá òun ṣe é. Oníkáfẹ̀ ò mọ kóòsì tó jẹ́ dandan ní ẹ̀ka rẹ. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí ló máa tẹ̀, èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Gba ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀ka rẹ, fi àwọn kóòsì inú rẹ̀ wé èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ̀ ẹ́ jáde, gba òǹtẹ̀ sí i, ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Rísíìtì owó ilé-ìwé ọdún kìíní, má sọ ọ́ nù. Lọ́jọ́ tí o bá ń ṣe clearance, ìyẹn àyẹ̀wò gbogbo ìwé rẹ kí wọ́n tó jẹ́ kí o jáde, òun ni wọ́n máa béèrè.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi wà nílé, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá. Ọ̀pọ̀ ọmọ lọ wá iṣẹ́ ṣe, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni ti ẹni tó kúrò nínú gbogbo WhatsApp kíláàsì, tí kò gbọ́ pé ilé-ìwé ti wọlé, tó dé nígbà tí wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ pa.

Má pe ìtìjú ní ìwà ọmọlúàbí

Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú, tó ń bi í ní ìbéèrè, ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́ ni. Nítorí náà, tí olùkọ́ bá sọ ohun tí kò yé ọ, o máa mi orí. Àbúrò mi, béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní olùkọ́ kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ní ìkáwọ́, òun ni wọ́n ń pè ní course adviser tàbí level adviser. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ọ lóhùn, kì í ṣe oore ló ń ṣe ọ́. Ọmọ olówó àti ọmọ olùkọ́ mọ èyí láti ilé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kanlẹ̀kùn tí ọkàn wọn kì í já.

Bí o ṣe máa ṣe é rèé. Lọ láàárọ̀, mú ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ dání. Kí wọn. Sọ orúkọ rẹ, nọ́ńbà matric rẹ àti ìpele tí o wà. Lẹ́yìn náà, béèrè ohun kan ṣoṣo tó gbé ọ wá: "Sà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá kóòsì yìí jẹ́ dandan fún wa." Ẹni tó bá fi "Ẹ má bínú, sà" bẹ̀rẹ̀ nígbà márùn-ún, ó máa ń gbàgbé ohun tó wá ṣe. Mi ò ní í purọ́ fún ọ, àwọn olùkọ́ kan máa ń jágbe mọ́ni. Tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, má sunkún padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, lọ bá akọ̀wé ẹ̀ka. Ìyá tó ń tẹ ìwé níwájú ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka mọ ohun tó pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ, wọ́n sì ti rí irú tìẹ rí láìmọye ìgbà.

Ìtìjú yìí náà ló ń mú kí àwọn ọmọ wa máa dá kàwé. Wọ́n rò pé ẹni tó bá lọ sí tùtóríà ti jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n níwájú ti gba ìbéèrè ìdánwò ọdún márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n ti mọ orí tí olùkọ́ náà fẹ́ràn láti béèrè. Wá wọn rí, bá wọn jókòó.

Má fi 100 level ṣeré

Wàá gbọ́ ọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé ọdún kìíní kò ju ká fojú mọ ilé lọ, pé èèyàn á ṣì ràpadà tó bá yá. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì jókòó ṣírò rẹ̀. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, A jẹ́ máàkì 70 sókè, ó sì ń fún ọ ní póìǹtì 5 lórí yúnítì kan. B, láti 60 sí 69, póìǹtì 4. C, láti 50 sí 59, póìǹtì 3. D, láti 45 sí 49, póìǹtì 2. Ká ní yúnítì 20 lò ń ṣe ní sáà kan. Ọdún kan jẹ́ 40, ọdún mẹ́rin jẹ́ 160. Ká wá ní o ṣeré lọ́dún kìíní, CGPA rẹ, ìyẹn àpapọ̀ póìǹtì rẹ tí wọ́n fi àpapọ̀ yúnítì rẹ pín, wá jẹ́ 2.00. Póìǹtì 80 lo kó jọ.

Kí o tó lè jáde pẹ̀lú 3.50, ìyẹn second class upper, ìpele ìwé-ẹ̀rí tó tẹ̀lé èyí tó ga jù, o gbọ́dọ̀ ní póìǹtì 560 lápapọ̀. Ó ku 480, yúnítì 120 ló sì ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni pé B ni o gbọ́dọ̀ máa mú bọ̀ láti ọdún kejì títí dé òpin, kóòsì kan ò gbọdọ̀ jábọ́ àfi tí A bá gbé òmíràn dìde. Ní ti first class, ìpele tó ga jù, tó jẹ́ 4.50, póìǹtì 720 ló ń fẹ́. Kódà tí o bá mú A nínú gbogbo kóòsì tó kù fún ọdún mẹ́ta, 600 ni, pẹ̀lú 80 àkọ́kọ́, 680. Ilẹ̀kùn yẹn ti tì kí o tó wọ 200 level, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ọ.

Èyí ló máa ń dùn mí jù. Ọmọ tó ní ọpọlọ á wọlé sí ọ́fíìsì mi lọ́dún kẹta, á ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí, òun fẹ́ jáde pẹ̀lú first class, a ó jọ mú bírò, a ó ṣírò rẹ̀, ojú rẹ̀ á rẹ̀ wálẹ̀. Tí carry-over bá tún wà níbẹ̀, ó burú sí i, torí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, òdo tí o gbà kì í kúrò nínú ìṣirò náà nígbà tí o bá tún kóòsì ọ̀hún ṣe tí o sì yege; yúnítì rẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Ìwé kékeré kan àti fóònù tó o fi ń ṣírò ti tó.

Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó gbé ọ jáde ní kíláàsì

Mi ò ní sọ pé kí ọmọ tálákà má ṣiṣẹ́. Mo ru kọ́ńkéré rí nígbà ìsinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní òfin pé ẹni tí kò bá wá sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kíláàsì kò ní jókòó ṣe ìdánwò, àwọn olùkọ́ kan sì ń mú un lò gan-an. Ọmọ tó ń ta dátà tàbí tó ń wa máàrúwá láago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tí kíláàsì kóòsì rẹ̀ tó le jù ń lọ lọ́wọ́, èrè tó ń rí níbẹ̀ ò tó gbèsè ọdún kan àfikún.

Kọ́kọ́ wá èyí tó wà nílẹ̀ ná. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NELFUND ló ń bójú tó o. Yunifásítì ìjọba ni wọ́n máa ń san owó ilé-ìwé rẹ fún tààrà, wọ́n sì ní owó oúnjẹ, ₦20,000 lóṣù, fún ẹni tó bá béèrè. Kò ní èlé, kò sì gba kí bàbá rẹ fi ilé dúró. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá parí àgùnbánirọ̀ kí wọ́n tó máa béèrè rẹ̀ padà. Àwọn òbí kan ti ní kí ọmọ wọn sá fún un, torí gbèsè tí wọ́n mọ̀ ni ti olówó-èlé tó ń wá sójúde ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ jókòó, ẹ bi ara yín, ẹ kà á. Ó ṣì jẹ́ gbèsè, wọn yóò gbà á, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí orúkọ ọmọ kúrò nínú ìwé nítorí owó sáà kan.

Má purọ́ fún àwọn tó wà nílé

Ìyá kan wá sí ọ́fíìsì wa lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ìrìn wọn jìn, eruku ọ̀nà ṣì wà létí ìró wọn. Wọ́n ní àwọn wá béèrè ọjọ́ tí ọmọ àwọn máa gba ìwé-ẹ̀rí, kí àwọn lè sọ fún àwọn ẹbí. Wọ́n tú láílọ́ọ̀nù dúdú kan, wọ́n fa àǹkárá aláwọ̀ ewé yọ, wọ́n ní ogún èèyàn ti rà á. Mo wá orúkọ ọmọ náà. Kóòsì mẹ́fà ló ṣì kù ú. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń sọ fún wọn pé ó ku díẹ̀.

Ọmọ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá náà ò pariwo. Wọ́n ká àǹkárá náà, wọ́n to etí rẹ̀ sí etí, wọ́n ká a lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n bi mí pé, "Kóòsì mẹ́fà tí ẹ ń wí yẹn, èló ni wọ́n ń tà á?"

Títí di òní, mi ò tíì gbàgbé ìbéèrè yẹn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń rà fún wọn.

Mo mọ ìdí tí irọ́ náà fi ń wáyé. Tí gbogbo ọjà bá ń pe ìyá rẹ ní ìyá yunifásítì, ẹnu á wúwo láti sọ pé o fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n irọ́ kan máa ń bí òmíràn, ó sì máa ń dí ọ̀nà tí ìrànlọ́wọ́ ì bá gbà wọlé. Tí àìsàn bá mú ọ ní àárín sáà, má kàn dì ẹrù lọ sílé. Gba ìwé dókítà, kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka rẹ láti gba ìsinmi ẹ̀kọ́, dúró gba èsì lẹ́tà náà. Ẹni tó bá kàn pòórá, òdo ni wọ́n máa kọ síwájú orúkọ rẹ̀, tó bá sì pẹ́, orúkọ náà lè kúrò nínú ìwé. Tí ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ka rẹ ń kọ́ ọ bá ju agbára rẹ lọ, tètè béèrè bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀ka padà, kí o tó wọ 300 level.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jọ̀wọ́. Dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ tó wà láyé. Ẹ má pe ọmọ wálé fún ìkómọjáde ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹ béèrè ọjọ́ ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́. Ẹ sì yé béèrè pé ipò kelòó ló gbà. Kò sí ipò ní yunifásítì, ìbéèrè yẹn ló sì máa ń fà irọ́ àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọmọ.

Mo mọ̀, torí màámi bi mí bẹ́ẹ̀ ní ìparí sáà àkọ́kọ́, mo ní ipò kejì. Wọ́n fi gaàrí ta àwọn alájọṣe wọn lọ́rẹ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn ṣẹlẹ̀ ni mi ò lè gbé irọ́ náà mọ́ra mọ́. Mo lọ sílé, mo sọ fún wọn pé kò sí ipò, pé kóòsì méjìdínlọ́gọ́ta ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó jáde, pé ọ̀kan nínú èyí tí mo ṣe ti bọ́ sọnù, mo sì sọ bó ṣe bọ́ sọnù. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà, wọ́n lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń kó gaàrí sí, wọ́n ní kí n máa kà á fún àwọn. Wọ́n fa ìlà méjìdínlọ́gọ́ta. Èyí tí mo ti yege nínú rẹ̀, wọ́n fa ìlà míì gba inú rẹ̀. Ti ìṣirò, wọ́n fi òbíríkítí yí i ká.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá wálé, wọn kì í béèrè ipò mọ́. Wọ́n á ní, "Ẹni inú òbíríkítí yẹn ńkọ́?" Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo ti yege nínú rẹ̀, wọn ò fa ìlà gba inú rẹ̀ bíi ti ìyókù. Wọ́n fi omi tọ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n nu ún kúrò, bí wọ́n ṣe máa ń nu ti oníbàárà tó ti san gbèsè rẹ̀ tán.